Ẹ Mọ Ẹni Tó Ni Plug-in Kí Ẹ Tó Fi Í Sórí Ìkànnì Yín

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn alákòóso WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ìkànnì sílẹ̀, yọ plug-in kan (ètò kékeré tí a ń so mọ́ ìkànnì) tí wọ́n ń pè ní Captcha kúrò nínú àkójọ wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó bi ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní ìṣirò kékeré kan, kó lè mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ. Ó wà lórí ìkànnì tó tó 300,000. Iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ti tà á lọ́dún náà, ẹni tó rà á sì dọ́gbọ́n fi ọ̀nà ẹ̀bùrú pamọ́ sínú àtúnṣe tó fi ránṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ó lè wọ ìkànnì oníkànnì bí ẹni pé òun gan-an ni alákòóso ibẹ̀. Àwọn tó ń lò ó kò ṣe àṣìṣe kankan. Àtúnṣe ni wọ́n gbà, bí gbogbo wa ṣe ń gbà á.

Ìtàn yìí ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìkànnì sílẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, kó tó máa yọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni plug-in. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Èyí tó wà nínú àkójọ WordPress lé ní 50,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kó máa ṣiṣẹ́, ó di àlejò tí ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá: ó lè ka àkọsílẹ̀ yín, ó lè kọ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó lè darí àwọn tó wá yín wá sí ibòmíràn. WordPress kì í béèrè lọ́wọ́ yín ibi tó gbọ́dọ̀ dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé.

Nítorí náà, ẹ wo ẹni tó ń ṣe é kí ẹ tó wo ohun tó lè ṣe. Ojú ewé plug-in kọ̀ọ̀kan máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn hàn, iye ìkànnì tó ń lò ó, àti irú WordPress tí wọ́n ti dán an wò lórí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ibi ìbéèrè wà. Ẹ kà á, kí ẹ rí i bóyá ẹnikẹ́ni ń dáhùn. Ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fún un kò fi bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú, nítorí Captcha náà lókìkí. Bó bá ti lé lọ́dún kan tí wọn kò ti fọwọ́ kàn án, ẹ wá òmíràn.

Èyí tó burú jù ni plug-in olówó tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp tàbí Telegram. Ẹni tó já àgádágodo rẹ̀ kò ṣe é nítorí Ọlọ́run. Irú ọjà jíjí bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WP-VCD gùn wọ inú ọ̀pọ̀ ìkànnì, tó ń fi ìpolówó àwọn ọ̀daràn sórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá lágbára àtirà á, ẹ lo èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ látọwọ́ ẹni tó ni ín.

Kí wá ni ìkànnì tuntun nílò? Kò pọ̀ rárá. Láti ìgbà tí WordPress 5.5 ti jáde ní oṣù Kẹjọ 2020, òun fúnra rẹ̀ kì í gbé àwòrán jáde títí òǹkàwé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó wà, ó sì ń to orúkọ àwọn ojú ewé yín fún Google. Àwọn ènìyàn ṣì ń fi plug-in ṣe méjèèjì. Èyí tí mo kà sí dandan ni èyí tó ń ṣe ẹ̀dà ìkànnì pamọ́, bíi UpdraftPlus, kí ẹ̀dà náà sì máa lọ sí Google Drive. Èyí tó bá wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì gan-an wà lórí rẹ̀, yóò bá ìkànnì lọ lọ́jọ́ tí sáfà bá bàjẹ́. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ ó nílò fọ́ọ̀mù tí oníbàárà yóò fi kọ̀wé sí yín. Contact Form 7 dára, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú ìwé náà sórí ìkànnì, ímeèlì nìkan ló ń fi í ránṣẹ́, torí náà ẹ kọ̀wé sí ara yín kí ẹ rí i pé ó ń dé. Èyí tó ń mú ìkànnì yára, ọ̀kan ṣoṣo ni. Méjì máa ń tako ara wọn. Àwòrán tó ń yí lókè ojú ewé ńkọ́? Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà kì í dúró de àwòrán kẹta.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fi wọ́n síbẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù wo ìkànnì náà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó dá wàhálà sílẹ̀. Èyí tí ẹ kò lò, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ bá kàn dá a dúró, fáìlì rẹ̀ ṣì wà lórí sáfà, ọ̀daràn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ lè fi Hello Dolly bẹ̀rẹ̀: ó máa ń bá WordPress wá, kò sì ṣe ju pé kó fi ọ̀rọ̀ orin hàn yín lókè ojú ewé alákòóso.

Ẹni tí ìtàn Captcha bá mú kó sá fún àtúnṣe ti ṣì í gbọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, wọ́n rí ihò nínú plug-in File Manager, tó wà lórí ìkànnì tó lé ní 700,000. Àtúnṣe jáde kíá, àmọ́ àwọn ọ̀daràn ti ń wá àwọn tí kò tíì gbà á kiri. Bí plug-in yín bá jẹ́ márùn-ún, tí ẹ sì mọ àwọn tó ni wọ́n, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n máa gba àtúnṣe fúnra wọn. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n, ta ló fẹ́ mọ èyí tó ti yí ọwọ́ padà?

Ohun kan kù. Láti 2019, bí plug-in bá da ìkànnì rú, WordPress máa ń fi líǹkì tí ẹ ó fi wọlé láti dá a dúró ránṣẹ́ sí ímeèlì alákòóso. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló jẹ́ pé ímeèlì ọmọkùnrin tó bá wọn ṣe é ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ yí i sí tiyín lónìí.