Olùkọ́ Ijó Kì Í Dá Rìn

  Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí iṣẹ́ rárá. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ijó ni, ẹni tí kò ní ọ̀gá, tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnì kankan, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n bá pè é sí ló ń lọ. Lónìí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Peckham, lọ́la ó wà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Tottenham, lọ́túnla kò síbì kankan. Ọ̀túnla yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti ń fi October ṣe Oṣù Ìtàn Àwọn Aláwọ̀ Dúdú nílẹ̀ Britain níbí. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù náà wọlé, fóònù olùkọ́ ijó ilẹ̀ Áfíríkà kì í sinmi mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lè bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Á máa bọ́ láti inú bọ́ọ̀sì kan sí òmíràn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, ìró àti bùbá nínú báàgì. Tó bá di November, kẹ́kẹ́ pa. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ ti tán láyé. Iṣẹ́ ò tán o. Àwọn tó pè é kò mọ̀ ọ́n ni, wọ́n kàn ń wá ẹni tó máa jó fún wọn lóṣù yẹn, wọ́n sì rí i.

Ohun tó ń bọ́ olùkọ́ ijó láàárín November sí September ni àwọn tó mọ̀ ọ́n lórúkọ. A ò sọ ti “kọnẹ́kṣàn” bá a ṣe mọ̀ ọ́n nílé, ti ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ kọmíṣánnà. Àwọn tá à ń wí ni tíṣà tó ṣàkíyèsí pé ó dé lásìkò, onílù tó gba owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, òbí tí ọmọ rẹ̀ délé tó ń jó títí oúnjẹ fi tutù. Irú wọn mẹ́wàá sàn ju ọgọ́rùn-ún káàdì tí èèyàn kó bọ àpò níbi ìpàdé lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ẹ wo Dúró Ládiípọ̀. Ní 1962, ó ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo pẹ̀lú Ulli Beier, ará Jámánì tó ti wá kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn láti 1950. Ní 1964, eré Ọba Kò So dé Berlin. Ní 1965, ó dé Britain níbí fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Commonwealth. Eré náà dára, ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n eré tó dára kì í fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan ló ní láti sọ fún ẹnì kan.

Nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Peter Badejo dá Badejo Arts sílẹ̀ ní 1990, ó sì kó àwọn oníjó àti onílù jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ ní Bami Jó. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: kò pè é ní “Ẹ wá wo bí mo ṣe ń jó.” Ní 1994 ni ADAD náà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jó ijó ìran Áfíríkà nílẹ̀ yìí. Nígbà tó di 2016, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn, wọ́n sì di One Dance UK. Olùkọ́ ijó tí kò bá tíì gbọ́ orúkọ yìí rí, kó wá wọn lọ.

Wàyí o, báwo lèèyàn ṣe ń wọ ilé-ẹ̀kọ́? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ijó ló ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí sí olùkọ́ orin. Lẹ́tà náà á sùn sí ọ́fíìsì, kò ní jí mọ́. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ England, abẹ́ PE ni ijó wà, pẹ̀lú eré ìje àti bọ́ọ̀lù. Tíṣà tó ń bójú tó PE ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ má kọ “Dear Sir or Madam.” Ẹ kọ ọ́ ní May tàbí June, kí wọ́n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ ní July, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ sọ iye ọmọ tẹ́ ẹ lè kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọdún mélòó ni kí wọ́n jẹ́, ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà, àti bóyá onílù ń bọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó yé wọn pé ijó wa kì í ṣe ẹran iléyá tí wọ́n ń pa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé wà ní March, Ọ̀sẹ̀ Àwọn Olùwá-Ibi-Ìsádi wà ní June, Kánífà Notting Hill wà ní ìparí August, tí wọ́n á sì ti máa múra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Tíṣà ìlú yìí kì í sì í pẹ́ lójú kan. Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ ní Hackney lónìí lè wà ní Croydon lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé orúkọ fi ṣe pàtàkì ju fóònù lọ: orúkọ tíṣà, ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, ijó tẹ́ ẹ kọ́ wọn, ohun tó mú wọn rẹ́rìn-ín. Bí ìsinmi Kérésì bá ń bọ̀, ẹ fi káàdì kékeré kan ránṣẹ́. Bí tíṣà bá ti kúrò ńbẹ̀, ẹ béèrè ibi tó lọ. Tíṣà kan tó bá ṣí lọ síbòmíràn tó sì rántí yín, ilé-ẹ̀kọ́ méjì lẹ ti ní yẹn.

Ti ìwé àṣẹ ò ní pẹ́ lẹ́nu wa. DBS (CRB la ń pè é títí di 2012) kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Update Service láàárín 30 ọjọ́ tó bá jáde, kẹ́ ẹ má bàa máa gba tuntun ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ ní ìwé ìbánigbófò. Ti owó orí, 5 October ni ọjọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀, 31 January ni ti ìṣirò owó. Akáńtáǹtì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ bi wọ́n.

Ọ̀rọ̀ onílù ló kàn, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà. Olùkọ́ ijó tí kò ní onílù, fóònù ló ń jó sí, fóònù kò sì mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ bá yà. Dùndún mọ̀ ọ́n. Á dúró de ọmọ náà, á pè é padà. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Onílù tá à ń wí yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ti dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí bọ́ọ̀sì ló ń wà. Ẹ pè é ní oṣù kan ṣáájú, ẹ má pè é ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Ẹ sọ iye owó kó tó gbé ìlù jáde nílé. Kẹ́ ẹ sì san án lọ́jọ́ náà, bí ilé-ẹ̀kọ́ ò bá tiẹ̀ tíì san tiyín.

A mọ̀ pé èyí le. Ilé-ẹ̀kọ́ lè má sanwó fún odindi oṣù kan. Òfin 1998 lórí gbèsè tó pẹ́ sọ pé bí ẹ ò bá dá ọjọ́ kankan láàárín ara yín, ó ti pẹ́ nìyẹn tó bá ti kọjá 30 ọjọ́, ẹ sì lè gba èlé lórí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ìwé owó lọ́wọ́ tẹ́ ẹ lè fi béèrè, onílù ò ní in. Nítorí náà, ẹ fi owó díẹ̀ sápá kan ṣáájú October. Onílù kan lè máa lu fún oníjó márùn-ún, òun ló mọ ẹni tó ń wá olùkọ́, òun ló mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó, ó ti ṣẹ ìlù, ó ti ṣẹ ìlú.

Ohun mìíràn tó ń ba àárín wọn jẹ́ ni gbígba iṣẹ́ lẹ́yìn ara ẹni. Àǹtí kan mú ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan láti ràn án lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ náà pe ìwọ nìkan. Kí lo máa ṣe? Pe Àǹtí kó o tó dáhùn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, á ní kó o máa lọ, ọwọ́ òun dí. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní bá ẹ jà, kò kàn ní pè ẹ́ mọ́ láéláé ni, ìwọ ò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún ẹ, gbé e fún ẹlòmíràn. Má sì jẹ́ kó jẹ́ ọmọ Yorùbá nìkan lo máa gbé e fún. Ará Ghana tó ń kọ́ kpanlogo, ọmọ Brazil tó ń kọ́ capoeira, ọmọ Íńdíà tó ń kọ́ Bharatanatyam, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ará Ghana ń gba iṣẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fi iṣẹ́ náà fún wa kó tó gbà á?

Ó wá kù síbi tiwa, àwa òbí. Ẹ̀yin ẹbí, inawo tó gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, wọ́n sanwó gbọ̀ngàn, wọ́n sanwó alásè, wọ́n sanwó DJ, aṣọ ẹbí ò ṣeé fẹnu sọ. Tó bá wá kan Àǹtí tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ ní ijó tí gbogbo èèyàn ń torí rẹ̀ dìde, wọ́n á ní, “Ọmọ wa mà ni, kó fi ṣe é lóore.” Wọ́n á di jọ̀lọ́ọ̀fù fún un sínú ike. Àǹtí náà kò ní sọ nǹkan kan, torí a tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wákàtí-wákàtí ni gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé ń gba owó, kò sì sí wákàtí kan tí wọ́n ń gba jọ̀lọ́ọ̀fù. Lọ́jọ́ tó bá ti ilẹ̀kùn yẹn, orí TikTok làwọn ọmọ á ti máa kọ́ ijó. A ò bá TikTok jà. Kò kàn lè rí i pé orúnkún ọmọ ò tíì tẹ̀ tó ni, kò sì lè sọ fún un pé kó kúnlẹ̀ kí Bọ̀dá Onílù. Tọ́mọ náà bá wá di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹ̀bá ògiri lá dúró sí níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tá a máa bá àwọn tó ń jó mú báàgì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin náà níṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ wo tíṣà tó ń bójú tó PE nílé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìṣi lẹ́tà kan, ẹ mú un wá fún Àǹtí Oníjó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi báyìí rí iṣẹ́ fún àgbàlagbà.

Nípàdé oṣù tó ń bọ̀, ìwé ńlá kan máa wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Apá kan wà fún àwọn olùkọ́ ijó, apá kan fún àwọn onílù, apá kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tàbí ilé ìkàwé, tẹ́ ẹ lè sọ ẹni tó yẹ ká kọ̀wé sí. Ẹni tó bá ní inawo lọ́dún yìí lè wo ibẹ̀, kó rí ẹni tó máa pè, kó sì rí iye tí onítọ̀hún ń gbà. Ẹ mú báírò tiyín dání o, torí báírò ẹgbẹ́ mọ ọ̀nà ilé gbogbo yín.