Ẹ Má Gbàgbé Túndé Lighthouse Family

Lọ́dún tó kọjá, àǹtí ọ̀kan nínú wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi páálí kan ránṣẹ́ sílé. Aṣọ òtútù àti bàtà ló wà lókè. Nísàlẹ̀ la ti bá síìdì mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Now That's What I Call Music!, àwo tí wọ́n ń kó àwọn orin tó gbòde ní Ìlú Ọba jọ sí, láti 1996 sí 1999. Wọn kò tíì bí ìkankan nínú wa nígbà náà. A wá ẹ̀rọ síìdì tòkunbọ̀ rà, a sì jókòó tì í ní họ́stẹ́ẹ̀lì.

Àwọn tí àárò ìgbà yẹn ń sọ, orúkọ kan náà ni wọ́n máa ń dá: Oasis, Blur, Spice Girls. Bí Oasis àti Blur ṣe gbé orin jáde lọ́jọ́ kan náà ní oṣù Kẹjọ 1995, tí Blur sì borí, a ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìgbà náà ṣe rí, kó fi ẹnu àwọn aláàárò sílẹ̀, kó gbé àwo àkójọ sí i.

Kì í ṣe pé àwo àkójọ jẹ́ ẹni mímọ́ o. Òwò ni. Virgin àti EMI ló bẹ̀rẹ̀ Now ní 1983, kí orin tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan lè tún tà lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́dún kejì, CBS àti WEA náà gbé tiwọn dìde. Wọ́n tà débi pé ní 1989, wọ́n yọ àwo àkójọ kúrò nínú àtẹ àwo orin gbogbogbòò, wọ́n ṣe àtẹ tiwọn lọ́tọ̀. Now 44, tó jáde ní 1999, tà ju 2,000,000 lọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó ni wọ́n ń wá, wọn kò ro ohun tí ọmọ ọmọ wọn yóò sọ. Orin tó ń tà ni wọ́n ń wá kiri.

Ẹ wo ìparí 1997 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1998. Robbie Williams ń kọ "Angels", All Saints ń kọ "Never Ever". Àwọn Teletubbies, ère inú tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé, gba ipò kìn-ín-ní fún ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ló ń ṣàárò ìyẹn? Àsìkò náà gan-an ni "High" ti Lighthouse Family wọ ipò kẹrin.

Túndé Baiyewu ló ń kọ ọ́. Ọmọ Yorùbá ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló ti ṣe kékeré, yunifásítì ní Newcastle ló sì ti pàdé Paul Tucker, ẹnìkejì rẹ̀. "Lifted" wọn náà ti dé ipò kẹrin ní 1996. Ọ̀kan nínú wa ní orin tí wọ́n ń gbé sí ní gbọ̀ngàn báńkì ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ní kí fóònù wa kọ orin Ìlú Ọba ti àsìkò yẹn fún wa, ó gbé Oasis wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mú Túndé wá rárá. Ohun tí àwọn èèyàn ń rántí ló ń rò fún wa. Bí ọmọ wa bá gbára lé fóònù yẹn, kò ní mọ̀ pé Túndé kan kọrin níbẹ̀ rí.

A pe àǹtí láti dúpẹ́. Wọ́n ní Woolworths ni àwọn ti máa ń ra àwọn àwo náà ní Sátidé, tí iṣẹ́ bá ti parí. (Ilé ìtajà yẹn ti kógbá sílé láti 2009.) A bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn Oasis.

"Àwọn wo nìyẹn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé àwo yẹn ṣì ń há?"

Ó ń há, mà. Ibi orin Túndé nìkan ló ti ń há.