Ọgbọ́n Òṣómàáló Nínú Ọ̀rọ̀ Ìbò

Bí a bá dárúkọ àwọn Ìjẹ̀ṣà láàárín àwọn àgbà Yorùbá, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi rántí Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò aṣọ wọ̀nyí a máa di ẹrù wọn kúrò ní Iléṣà àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, wọn a sì máa kiri láti ìlú dé ìlú àti láti abúlé dé abúlé. Àìsí owó lọ́wọ́ kò ní kí ènìyàn má ra aṣọ lọ́dọ̀ wọn. Òṣómàáló yóò tà á fún un ní àwìn, àwọn méjèèjì yóò sì jọ dá ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò san án, Òṣómàáló kò ní fa idà yọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sun ilé onílé. Yóò wá sí ojúde oníbàárà rẹ̀, yóò lóṣòó síbẹ̀, yóò sì wí pé ní ìlóṣòó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Níbẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Àwọn kan a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n náà sì wúlò fún ọ̀rọ̀ ìlú lónìí.

Ọjà àwìn ni ìbò tí ènìyàn dì fún olóṣèlú. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, olóṣèlú a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. A ní òun yóò ṣe ọ̀nà, òun yóò fa omi ẹ̀rọ, òun yóò tún ilé ìwòsàn ṣe. Kò tíì ṣe ọ̀kankan nínú wọn nígbà tí ará ìlú gbé ìbò lé e lọ́wọ́. Ọjà ti kúrò nílẹ̀, ọdún mẹ́rin sì ni wọ́n fi dá ọjọ́ owó. Láti ìgbà náà lọ, olóṣèlú ti di onígbèsè, ará ìlú sì ti di olówó tí ó yẹ kí ó wá béèrè ohun tirẹ̀. Ohun tí ó ṣeni láàánú ni pé púpọ̀ nínú àwọn olówó wọ̀nyí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jẹ àwọn ní gbèsè. Bí olóṣèlú bá san ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọn a dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ta wọ́n lọ́rẹ.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò fẹ́ ta ọjà yìí ní àwìn rárá. Ní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ kan gba ẹnu àwọn ènìyàn kan ní Èkìtì àti ní Ọ̀ṣun: “Dìbò, kí o sebẹ̀.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí olùdìbò gba owó díẹ̀ nítorí ìbò rẹ̀, kí ó sì fi ra èlò ọbẹ̀ lọ sílé. Àwọn tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ ní àwíjàre tiwọn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá wọlé kò ní rántí àwọn mọ́, nítorí náà kí àwọn tètè gba èyí tí ọwọ́ àwọn tó. Lóòótọ́, bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà bí oníṣòwò ti í rò ó. Ẹni tí ó ti gba owó ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ojúde ẹnikẹ́ni tí yóò lọ lóṣòó sí. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, tí kò bá sí oògùn ní ilé ìwòsàn, olóṣèlú yóò wí pé òun ti san owó òun. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan kò lè jẹ di ọdún mẹ́rin.

Àwọn mìíràn kò ta ìbò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n fi onígbèsè sílẹ̀, wọ́n ń bá olówó bíi tiwọn jà. Lẹ́yìn ìdìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, àwọn ará ìlú kan ń da epo sí ara wọn lára, wọ́n ń sun ilé ara wọn, títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Àti ẹni tí ó wọlé, àti ẹni tí kò wọlé, gbogbo wọn ni ó pàdánù. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 péré ni Adémọ́lá Adélékè fi ṣíwájú Gbóyèga Oyètọ́lá. Wọ́n tún ìbò dì ní ibùdó méje ní ọjọ́ 27. Nígbà tí wọ́n parí ìṣirò, ìbò 482 ni Oyètọ́lá fi borí. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn méjèèjì tún pàdé: Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá sì ní 375,027. Ohun tí iye wọ̀nyí ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ìbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ìpínlẹ̀ náà sí méjì ọgbọọgba. Bí ìdajì ìlú bá wá ka ìdajì kejì sí ọ̀tá, ta ni yóò báni sìnkú, ta ni yóò sì báni gbé ìyàwó?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Òṣogbo sì ti mọ bí a ti ń gbé pọ̀ láìjẹ́ pé èrò ṣọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, láti ọjọ́ Ìwọ́pópó títí di ọjọ́ tí Arugbá yóò ru igbá lọ sí odò. Ìlú kan náà ni mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ kún. Nínú agboolé kan, bàbá lè jẹ́ àlùfáà, kí àbúrò rẹ̀ máa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá àgbà sì jẹ́ olórìṣà. Ẹran Iléyá a máa dé ọ̀dọ̀ onígbàgbọ́, oúnjẹ Kérésìmesì a sì máa dé ọ̀dọ̀ mùsùlùmí. Bí ọ̀rọ̀ ìsìn, tí ó kan ayé àti ọ̀run, kò bá tú agboolé ká, kí ni ó dé tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, tí kò ju ti ọdún mẹ́rin lọ, yóò fi tú u ká?

Gbèsè tí ó wà nílẹ̀ kò kúkú mọ ẹgbẹ́. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun fi ṣiṣẹ́ láìrí owó gbà. Ebi tí ó wọlé tọ̀ wọ́n kò béèrè ẹni tí wọ́n dìbò fún. Ẹ wo ọ̀rọ̀ odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú. Ìtàn sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn ti wá omi kiri títí wọ́n fi tẹ Òṣogbo dó. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Síbẹ̀, àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí sí omi náà, títí ìjọba fi kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí àwọn tí ń bọ̀ wá ṣe ọdún má mu ún. Omi tí ó bàjẹ́ kò bàjẹ́ fún olórìṣà nìkan. Apẹja, àgbẹ̀ àti ọmọdé tí ń lúwẹ̀ẹ́ ni ó ń jìyà rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé Ọlọ́run ni í fi olórí jẹ, àdúrà sì tó. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n àdéhùn ni ìtàn sọ pé ó wà láàárín Láròóyè àti Ọ̀ṣun, olúkúlùkù sì ní ojúṣe tirẹ̀. Òṣómàáló pàápàá a máa gbàdúrà kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n kì í jókòó sílé kí ó máa retí owó.

Ìlóṣòó ti ará ìlú kò gba igi, kò sì gba òkúta. Kí àdúgbò pàdé, kí wọ́n kọ ìwé sí aṣojú wọn, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n tún padà lọ. Ìṣọ̀kan lágbára: Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ni ó dá Ilé-ìwé Gírámà Iléṣà sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ọmọ ilé-ìwé tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ó lè fetí sí ìlérí tí wọ́n ṣe fún àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tí kò bá kọ gbèsè sílẹ̀ kò ní mọ iye tí yóò béèrè.