Ẹ Má Bínú Orí Kí Ẹ Fi Fìlà Dé Orúnkún

Ìjọba tó wà lórí àga kọ́ ni a fẹ́ bá wí lónìí. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni a fẹ́ sọ, nítorí bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni.

Gbogbo wọ́ọ̀dù tí a bá dé, ẹ̀dùn ọkàn kan náà ni à ń bá lẹ́nu àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí à ń fà kalẹ̀ fún ìbò báyìí kò gbóná, wọn kò sì tutù. Olùdíje wa á dé ọjà, kò ní dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá bi í léèrè oògùn ní ilé ìwòsàn káńsù, á ní àwọn máa wò ó. Bí ẹ bá ní kó sọ̀rọ̀ sí ohun tí ìjọba ń ṣe tí kò dára, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní òun ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀sán ló ń bá wa ṣèpàdé, òru ló ń lọ kí wọn nílé ìjọba. Nítorí èyí, àwọn kan ti búra pé lọ́jọ́ ìbò, oko ni àwọn ń lọ ní tàwọn.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, inú tó ń bí yín kì í ṣe lásán. Ìlànà tí a jogún, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, kì í ṣe àwọn tó ń bẹ̀rù ìbò ló fi lélẹ̀. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n fi kún owó orí kí owó lè wà fún un. Inú ará ìlú ò dùn sí i. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nílé ara rẹ̀. Ká ní àwọn olùdíje wa tòde òní ni, wọn ì bá ti ká ẹní wọn kúrò níbẹ̀. Àwọn yẹn kò ká a. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ilé ìwé ṣí, ọmọ tálákà wọlé láìsan owó ilé ìwé. Nígbà tó di ọdún 1956, ará ìlú kan náà ló tún dìbò gbé ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ wọlé.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ AD gba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù. Bí ìbò ọdún 2003 ti ń bọ̀, àwọn aṣáájú ní kí ẹgbẹ́ má fa olùdíje Ààrẹ kalẹ̀, kí wọ́n ti Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti PDP lẹ́yìn, nítorí ọmọ wa ni. Ìbò dé, PDP gba márùn-ún nínú mẹ́fà. Èkó nìkan ló ṣẹ́kù. Àwọn kan ní èrú wà nínú rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ẹni tó ti sọ fún ará ilé rẹ̀ pé ẹgbẹ́ kejì náà dára, ẹnu wo ni yóò tún fi ní kí wọ́n má dìbò fún un?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀ ni ọ̀dàlẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo aláriwo ni olóòótọ́. Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, tó jẹ́ ìgbákejì gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kọ odidi ìwé lórí ìlànà Awólọ́wọ̀. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì UPN kò bọ́ sí i lọ́wọ́, inú NPN ló gbà lọ, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò ní ọdún 1983. Wọ́n kéde pé òun ló wọlé. Ìlú gbaná, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Olóyè Adékúnlé Ajáṣin. Ajáṣin yìí ńkọ́? Olùkọ́ ni, kì í ṣe aláriwo. Òun ló kọ àbá tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ gbà lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò sì yà kúrò lọ́nà yẹn.

Nítorí náà, ẹ má fi ohùn wọn wọ́n wọn. Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ìbò abẹ́lé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi olùdíje ní gbangba, lójú gbogbo wọ́ọ̀dù. Èkíní: nígbà tí ẹgbẹ́ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, níbo lo wà? Èkejì: kí lo máa ṣe sí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn wa, ìgbà wo lo sì máa ṣe é? Ẹ̀kẹta: bí a bá fìdí rẹmi, ṣé wàá dúró tì wá?

Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bi í nísinsìnyí ni pé òfin ò lè gbà yín tó bá yá. Ìwé òfin ọdún 1999 ní aṣòfin tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ yóò pàdánù àga rẹ̀, àfi bí ìyapa bá wà nínú ẹgbẹ́ tàbí bí ẹgbẹ́ bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ̀yin náà ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ìyapa yìí bojú. Ti gómìnà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin yẹn kò tilẹ̀ kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oko lẹ ń lọ lọ́jọ́ ìbò, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fẹ́ fi ìyẹn jẹ níyà? Olùdíje tí ẹ ń bínú sí yóò padà sílé rẹ̀, yóò jẹun. Ọmọ yín ni yóò jókòó sí kíláàsì tí kò ní òrùlé. Bí inú bá ń bí wa sí orí, a kì í fi fìlà dé orúnkún. Ẹ wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ san owó ẹgbẹ́, ẹ dìbò abẹ́lé. Ibẹ̀ ni ìjà yìí wà. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ kò bá wọlé níbẹ̀, ẹ gba ìlérí lẹ́nu ẹni tó wọlé, ẹ dìbò fún un, ẹ sì máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin aṣáájú, ẹ má jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì yan olùdíje fún wa. Ní ọdún 1999, àwọn díẹ̀ ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn tí wọ́n mú Olóyè Olú Fálaè, tí wọ́n fi Olóyè Bọ́lá Ìgè sílẹ̀. Ọgbẹ́ yẹn kò jinná títí AD fi tú.

Ẹ̀yin olùdíje wa náà, bí ìlànà ẹgbẹ́ yìí bá ń tì yín lójú, ẹ tètè yà fún ẹni tí kò tì lójú. Bí kò bá tì yín lójú, ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jà, kí ìyá wa tó ń ta ẹ̀fọ́ gbọ́.

Ẹgbẹ́ wa ni, ẹnikẹ́ni kò ní lé wa kúrò nínú rẹ̀. A ó pàdé ní wọ́ọ̀dù.