ÌYÁ ÀGBÀ KỌ́ LẸ̀RÙ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àríyànjiyàn tó ń lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lórí fíìmù tó bani lẹ́rù jù ti sú mi. Àwọn kan ní Kòtò Ọ̀run ti Yékínì Ajílẹ́yẹ ni. Àwọn kan ní ti òyìnbó ló dáa, pé tiwa ti di ẹ̀rín: ojú tí wọ́n fẹfun kùn, iná kọ̀ǹpútà tó ń jáde lẹ́nu babaláwo.

Ó di ẹ̀rín lóòótọ́. Ní Kìṣí lọ́hùn-ún, láyé ilé fídíò tó ń lo jẹnẹrétọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ làwọn máa ń lọ sílé lẹ́yìn fíìmù, ẹnikẹ́ni kì í dá tọ̀. Lónìí ọmọ kékeré ń wo fíìmù kan náà lórí fóònù, ó ń jẹ̀pà.

Àmọ́ ẹ gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ wò, èyí tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993. Àwọn kan ta ilẹ̀ òrìṣà fáwọn tó fẹ́ kọ́ ilé epo, ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, Àṣíyanbí tí Bàbá Wándé ṣe wá ń sá kiri. Mo tún un wò, ara mi ò balẹ̀. Ṣé ẹ rí i, gbogbo wa la mọ Àṣíyanbí. Ó wà ládùúgbò yín, ó ń fọwọ́ síwèé ilẹ̀ ẹbí nígbà tí ẹbí wà lóko.

The Exorcist ti 1973 náà rí bẹ́ẹ̀. Orí ọmọ yẹn tó yí po ti di àwàdà. Ọsibítù ni kò tíì di àwàdà: wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, dókítà ò mohun tó ń ṣe é, ìyá rẹ̀ lówó, owó ò ràn án.

Wàyí o, ibi tínú ti ń bí mi rèé. Kí ló dé tó jẹ́ ìyá arúgbó la máa ń sọ dàjẹ́? Ìyá Gbọ́nkán tí Kòtò Ọ̀run sọ di gbajúmọ̀, òṣèré tó mọṣẹ́ ni. Wọ́n sọ ojú tí Ọlọ́run fún un di ẹ̀rù fún odindi ìran kan. Nígbà tó di 1999, End of the Wicked ti Helen Ukpabio jáde, ó kan ọmọdé: ọmọdé wà lára àwọn àjẹ́ inú ẹ̀. Ní Akwa Ibom, wọ́n lé àwọn ọmọ jáde nílé, wọ́n nà wọ́n, wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣòfin sí i ní 2008. Mi ò ní fíìmù ló fà á o. Ìṣẹ́ wà ńbẹ̀, àwọn pásítọ̀ kan wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wo irú ẹ̀ láwòtúnwò ti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ má wí fún mi pé àṣà wa ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ làṣà wa. Àwọn ará Kétu mọ̀ pé ìyá lágbára, wọ́n gbére sórí, wọ́n ń jó fún un, wọ́n ń tù ú lójú. UNESCO kà á mọ́ ogún ayé ní 2001. Ta ló ní kí wọ́n lé e jáde?

Eré mẹ́ta ni wọ́n kà létí mi ní sáà tó kọjá. Ìyá àgbà làjẹ́ inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì séyìí tó léyín lẹ́nu. Ọ̀lẹ nìyẹn jàre! Ẹ fi ìyá onílé sílẹ̀. Ẹ kọ ti ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀, tó fowó ẹ̀ ra ọkọ̀, tó wọlé lálẹ́ tí gbogbo agbo ilé dákẹ́ tí wọ́n ń wò ó. Ẹ kà á fún mi, ká wò ó bóyá màá sùn.