Kí Olúkúlùkù Wà Nínú Yàrá Tirẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ agbo ilé àwọn Mossi ní Ouagadougou, èyí tí wọ́n ń pè ní zaka, yóò rántí agbo ilé Yorùbá. Ẹnu ọ̀nà kan ni a ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀. Àlejò kì í ṣí ìlẹ̀kùn kiri.

Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí nínú server, kọ̀ǹpútà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ sí. Láti ọdún 1971 ni ìlànà FTP ti wà fún fífi fáìlì ránṣẹ́. Bí alábòójútó kò bá pààlà, ẹni tí ó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lè jáde nínú fódà tirẹ̀, kí ó sì ka ohunkóhun tí a kò tì pa: máàkì ìdánwò ni o, ìwé ìwòsàn ni o. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. Láti ọdún 1979 ni chroot ti wà nínú Unix. Ó ń sọ fódà kan di gbogbo ayé ẹni tí ó wọ inú rẹ̀. Nínú vsftpd, ìlà kan, chroot_local_user=YES, ni ó ń pààlà náà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fún oníṣẹ́ láṣẹ láti kọ nǹkan sí fódà òkè náà gan-an. Inú rẹ̀ ni kí a ti ṣí fódà kékeré tí yóò máa kó iṣẹ́ sí.

Àwọn kan yóò wí pé ìfura ni èyí, pé ó ń ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́. N kò gbà. Ẹni tí kò lè dé yàrá ẹlòmíràn, ta ni yóò fi ẹ̀sùn olè kàn án? Bí iṣẹ́ bá jẹ́ àjùmọ̀ṣe, kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó kàn.

Síbẹ̀, odi nìkan kò tó. FTP àtijọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá ní gbangba. SFTP ni kí a máa lò, nítorí ó ń dì í, a sì lè pààlà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Burkina Faso ṣe òfin lórí ìsọfúnni ara ẹni ní ọdún 2004, ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n òfin kì í ti ìlẹ̀kùn. Ènìyàn ni ń tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ó padà lọ ṣe olùkọ́ ní ìlú yín, bí a bá fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye yàrá tí ó lè ṣí.