Ẹ Má Gé Sípíríǹgì Yẹn

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀, àṣà kan ti gbòde: kí wọ́n rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rówó ra Golf tàbí Honda Civic tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá kiri ni sípíríǹgì kúkúrú tó le, kí ọkọ̀ náà lè lẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn eléré ìje tí à ń wò lórí YouTube. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a á ní kí mẹkáníìkì gé ìyípo méjì kúrò lára èyí tó bá ọkọ̀ wá.

Èrò tiwa ni pé lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, sípíríǹgì tó gùn tó, tó sì rọ̀ níwọ̀n, ló bá eré mu. Ìnáwó àti ewu ni èyí tó kúrú tó sì le gbagidi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí sípíríǹgì ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wa rò pé torí ìtura ẹni tó jókòó nìkan ló ṣe wà níbẹ̀. Rárá o. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé kó má jẹ́ kí táyà kúrò nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò, sípíríǹgì ló gbọ́dọ̀ nà kó ti táyà tẹ̀ lé e. Bó bá gun gegele, òun ló gbọ́dọ̀ kó ara jọ kí ọkọ̀ má baà fò. Táyà tó wà lófuurufú kò lè yà, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì kankan kò lè ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Robert Hooke ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1678 pé bí agbára tó dé bá sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe nà tó. Bí ìyípo tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bá jẹ́ 8, tí a gé 2 kúrò, 6 tó kù yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé a ti yí ẹnìkejì òun padà. Ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní lè kápá èyí tó le yìí bó bá ń ta. Ọkọ̀ á wá máa jó lójú títì. Èyí tí a gé tún burú jù, nítorí ó lè yẹ̀ kúrò níbi tó jókòó sí nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá já sí kòtò jíjìn.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, àwọn ará Jámánì ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní Nürburgring, èèyàn lè san owó kó wa ọkọ̀ tirẹ̀ lórí pápá ìje tó gùn ju kìlómítà 20 lọ, kó sì fi ọkọ̀ yẹn kan náà darí sílé. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé sípíríǹgì tó le díẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì púpọ̀ tó bá ń yà. A ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà darí sílé kì í ṣe ọ̀nà Mile 2 sí Sẹ̀mẹ̀. Lójú títì tiwa, ibi tó dán wà, ṣùgbọ́n a kì í mọ ibi tí kòtò ti máa pàdé wa. Aṣọ àgbàwọ̀, bí kò bá fúnni, á ṣoni.

Bí a bá fẹ́ àwòkọ́ṣe, ẹ jẹ́ ká wo Safari Rally ti Kenya, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Nínú eruku, òkúta àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń sá ìje yẹn. Peugeot 504 ló gbé ipò kìíní ní 1975, ó sì tún gbé e ní 1978. Àní 504 tí àwọn bàbá wa wà! Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, òun náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ níbí, níbi tí ibùdókọ̀ ṣì ń jẹ́ Volks dòní. Ohun tí wọ́n mọ 504 sí ni sípíríǹgì rírọ̀ tó ní àyè láti lọ sókè sódò. Ọkọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ lórí ilẹ̀ tó burú kò lẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá.

Àwọn kan sì ti ń pààrọ̀ sípíríǹgì lójú ọ̀nà yìí kí àwa tó dé. Àwọn onífàyàwọ́ tó ń kó ìrẹsì gba Sẹ̀mẹ̀ máa ń fi sípíríǹgì líle sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí aṣọ́bodè má baà fura. Bí ẹrù bá kún inú rẹ̀, ó dúró dáadáa. Bó bá ṣófo, ìdí rẹ̀ á ga sókè, á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. A ò yin iṣẹ́ wọn o, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ta ló sì ń wọ ọkọ̀ wa? Lọ́jọ́ Ẹtì, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún pẹ̀lú báàgì á há sínú ọkọ̀ kan láti Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ tí a ti fi mílímítà 40 rẹ̀ sílẹ̀, tí èrò márùn-ún tún tẹ̀, àyè wo ló kù fún un? Rọ́bà tó wà fún ìdádúró nísàlẹ̀ ni yóò máa gbá. Bó bá gbá a nígbà tí ọkọ̀ ń yà lórí eré, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè fò lọ lójijì. Àwọn èrò yẹn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí a ń gé sípíríǹgì.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ dùn ún wà, kó kọ́kọ́ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò. Bí òróró bá ń jò lára rẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ kò tètè dúró lẹ́yìn tí a bá tẹ igun rẹ̀ kan tí a sì fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni kí owó lọ. Lẹ́yìn náà, kó ra sípíríǹgì tó bá ọkọ̀ náà mu, ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì. Àwa ará etí òkun tún ní láti ṣọ́ iyọ̀, torí afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin. Ibi tí ọ̀dà bá ti bó ni sípíríǹgì ti ń dógùn-ún, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kán. Bí ọkọ̀ bá ti etí òkun dé, ẹ fi omi ẹ̀rọ fọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá sì rí pápá gidi tí wọ́n ti pa ọ̀nà rẹ̀ dé, kó ní sípíríǹgì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti pápá àti ti ilé. Kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u o, torí sípíríǹgì tí a tẹ̀ pọ̀ lè pani bó bá já. Mẹkáníìkì tó ní irin ìdìmú rẹ̀ ni kó gbé e fún.

Bí ewúrẹ́ bá sáré já sójú títì ní Mọ́wó lálẹ́, kò sí ẹni tó máa bèèrè bí ọkọ̀ wa ṣe lẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀ ni gbogbo wa máa gbàdúrà fún.